Ẹnu Jẹ́nsinmi

Dẹ́rẹ́bà takisí tó fẹ́ gbé Bàbá Sàláúdéènì lọ sílé ìwòsàn ti ń tẹ fèrè lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá kò tilẹ̀ yí ọrùn. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, ó fi ọwọ́ òsì gbá ètè ajá rẹ̀ sókè, ó sì ń fi pákò tó ti rún dáadáa fọ eyín ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ajá náà lanu, ó dijú, itọ́ ń ṣàn dé ìgúnpá Bàbá. Nígbà tí fèrè tún dún, Bàbá ní kí wọ́n bá òun sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ojú tó ti ń ṣe bàìbàì láti ọdún tó kọjá kò ní torí ẹnu ajá fọ́ láàárọ̀ yìí.

Kúlúsúmù, ọmọ-ọmọ rẹ̀, dúró tì í, ó gbé ife omi dání. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Èkó ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ń gbé, ọ̀dọ̀ Bàbá ní agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Òsì n'Ìbàdàn ló dàgbà sí. Ó mọ̀ pé àfi tí ẹnu ajá yìí bá mọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó lè rí Bàbá gbé jáde.

Ọdẹ ni Bàbá, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Ọjà'ba ló ń bá wọn ṣọ́, ajá yìí sì ni ojú àti etí rẹ̀. Jẹ́nsinmi ló sọ ọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ mú un wálé, àwọn ará ilé ń bi í léèrè pé kí ni ẹni tó ń kírun déédéé ń fi ajá ṣe. Bàbá kì í bá wọn jà. Tí ẹnì kan bá ti gbẹ́nu lé e, á kàn na ohùn sókè, á pe ajá rẹ̀ lórúkọ, ẹni náà á sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ má rò pé àṣejù ni Bàbá ń ṣe tó fi ń fọ ẹnu ajá. Ajá tó ní ṣáájú Jẹ́nsinmi, ọkọ̀ kò pa á, májèlé kò pa á. Ẹnu rẹ̀ ló jẹrà. Ìdọ̀tí kan tó pọ́n rúsúrúsú lẹ̀ mọ́ eyín rẹ̀, ó le koko, èrìgì rẹ̀ wú, eyín ń mì, títí ó fi di pé ajá náà ń wo oúnjẹ, ó ń ké. Ebi ló pa á níwájú àwo tó kún. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbẹ́lẹ̀ tó sin ín, ó sì búra pé ajá mìíràn kò ní kú irú ikú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òun.

Dókítà ojú ti sọ pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Bàbá kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ èéfín àti eruku. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Mọ́níyà ni yóò wà títí ojú náà á fi jinná. Ìyá Gàfárù, ìyàwó ilé wọn, ló máa ṣe oúnjẹ fún Kúlúsúmù àti fún ajá. Ẹnu ajá nìkan ni wọn kò lè fi lé Ìyá Gàfárù lọ́wọ́, nítorí tí ajá bá yán báyìí, obìnrin náà á ti wọ yàrá.

Bàbá mú pákò tuntun, irú èyí tí kì í ta lẹ́nu, ó rún orí rẹ̀ títí ó fi rọ̀, ó sì fà á lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ó fi hàn án bí yóò ṣe máa gbá ètè sókè tí yóò fọ ẹ̀gbẹ́ ìta eyín, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdọ̀tí máa ń sá sí, ahọ́n ajá ló ń bá a tọ́jú ẹ̀gbẹ́ inú. Tó bá fọ̀ ọ́ tán, kó fi àkísà mímọ́ nù ún. Agolo mílíìkì tí wọ́n so kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni pákò ajá ń gbé, kó má baà dàpọ̀ mọ́ ti èèyàn.

"Kúlú, ìdọ̀tí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lónìí, àkísà lásán á nù ún kúrò," ni Bàbá wí. "Tí o bá fi sílẹ̀, á di òkúta. Ṣé wàá máa fọ̀ ọ́ fún mi?"

"Màá máa fọ̀ ọ́, Bàbá."

Bàbá gbá orí ajá mọ́ àyà, ó dìde, ó sì lọ bá dẹ́rẹ́bà tí inú ti ń bí.

Kúlúsúmù kọ́kọ́ ṣe bó ti wí. Láàárọ̀, tó bá ti kírun tán, á rún pákò. Kó tó dé ẹ̀yìn ilé, Jẹ́nsinmi á ti jókòó síwájú àpótí, á ti lanu kalẹ̀. Tó bá parí, á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, á pààrọ̀ aṣọ, á gba iléèwé lọ. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti wólímọ̀.

Wólímọ̀ ni ayẹyẹ tí ilé kéú wọn ń ṣe fún àwọn ọmọ tó bá ti ka Àlùkùránì parí. Kúlúsúmù wà lára ti ọdún yìí. Ohùn rẹ̀ dùn, òun sì ni Àfáà yàn pé kó kọ́kọ́ ké kéú níwájú èrò. Wọ́n ti rán ìbòrí funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn. Tirẹ̀ kò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, á wò ó kó tó sùn, á tún wò ó tó bá jí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bushrah, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọbìnrin ní ilé kéú, wá jíṣẹ́ kan fún Ìyá Gàfárù. Ó yọjú sẹ́yìn ilé, ó bá ọwọ́ Kúlúsúmù lẹ́nu ajá. Ó pòṣé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá Kúlúsúmù jókòó sórí ẹní kan náà mọ́. Bó bá jókòó síbí, wọ́n á sún. Bó bá sún tẹ̀lé wọn, wọ́n á dìde. Ẹnì kan lẹ́yìn ti sọ ọ́ ní Ìyá Ajá, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sínú ìbòrí. Ó ti pẹ́ tí Àfáà ti sọ fún Bàbá pé tí èèyàn bá ti fọ ọwọ́ tó mọ́, tó sì wọ aṣọ mímọ́, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Àfáà ni yóò bá a jókòó sórí ẹní.

"Tí o bá fẹ́ dúró láàárín wa lọ́jọ́ wólímọ̀," ni Bushrah sọ fún un, "yọ ọwọ́ rẹ kúrò lẹ́nu ajá."

Kúlúsúmù sunkún délé. Ẹ má dá a lẹ́bi jù o, ẹni tí wọn kò bá tíì dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí kò lè mọ bó ṣe ń dunni. Ṣùgbọ́n ó lè sọ fún Bàbá. Ó lè sọ fún Àfáà. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ńṣe ló fi pákò sílẹ̀ nínú agolo lọ́jọ́ kejì, kò sì mú un jáde mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun, Bàbá á pè é lórí fóònù láti Mọ́níyà. Á béèrè iléèwé, á béèrè ará ilé, lẹ́yìn náà á béèrè bóyá ó fọ ẹnu Jẹ́nsinmi. Kúlúsúmù á ní òun fọ̀ ọ́. Irọ́ àkọ́kọ́ há a lọ́fun díẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e kò há a rárá, wọ́n ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Bàbá á dúpẹ́, á ṣàdúrà fún un títí, á ní kí ọmọ tirẹ̀ náà tọ́jú rẹ̀ bí ó ti ń tọ́jú ẹranko yìí. Ọmọ náà á ṣe àmín.

Jẹ́nsinmi kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Láràárọ̀, á lọ jókòó síwájú àpótí Bàbá, á lanu, á máa wo ilẹ̀kùn. Kúlúsúmù á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á yí ojú sápá kejì. Ajá náà á jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn á fi ràn dé ibẹ̀, kó tó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Ìyá Gàfárù béèrè pé kí ni ajá yìí jẹ tí ẹnu rẹ̀ ń rùn tó báyìí. Kúlúsúmù ní bóyá ó jẹ òkú eku. Lẹ́yìn èyí ni ajá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo jẹun, á gbé orí dání bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Eegun tó máa ń gbé sá lọ tẹ́lẹ̀, ó kàn gbóòórùn rẹ̀ ni, ó fi sílẹ̀. Ó ń fi ẹnu ra ara ògiri. Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lórí ẹ̀bà tó bá jẹ kù. Kúlúsúmù rí ẹ̀jẹ̀ náà. Ó da ẹ̀bà náà nù kí Ìyá Gàfárù tó dé ibẹ̀, ó fọ àwo, ó sì lọ kọ́ kéú rẹ̀.

Wólímọ̀ ku ọ̀la nígbà tí Bàbá pè láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé pé òun ti wà lọ́nà ilé. Ó ní dókítà ti gba òun láyè, pé kò sí ohun tó lè mú kí òun má gbọ́ ohùn Kúlú lọ́la. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun bá ti wọlé báyìí, ẹnu Jẹ́nsinmi ni òun máa kọ́kọ́ wò.

Kúlúsúmù sá lọ sẹ́yìn ilé, ó gbá ètè ajá sókè. Nǹkan tó rí níbẹ̀, kò mọ̀ pé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀. Eyín ẹ̀yìn kò hàn mọ́, ìdọ̀tí rúsúrúsú ti bò wọ́n mọ́lẹ̀, èrìgì pọ́n, ó wú bọ̀bọ̀. Ó mú pákò, ó ń fọ̀. Kò ta pútú. Ó fi èékánná họ ọ́, ẹ̀jẹ̀ bú jáde, Jẹ́nsinmi sì kùn mọ́ ọn, ohun tí kò ṣe fún un rí láti ìgbà tó ti dé ilé náà. Ọmọbìnrin náà jókòó sílẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún. Gbogbo ohun tó ń rò ni pé Bàbá ti wà lọ́nà.

Ibi tó ti ń rò ó ni ọ̀rọ̀ Dámilọ́lá ti sọ sí i lọ́kàn. Dámilọ́lá ni ọmọ àwọn Aládùúrà tó ń gbé ilé kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni láti kékeré. Àbúrò ìyá rẹ̀ kan tó ti òkè òkun dé mú ọṣẹ ìfọyín kan wá, irú èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní páàsìtì, Dámilọ́lá sì ti ṣe fáàrí rẹ̀ títí. Ó ní ó ń sọ eyín di funfun kíá, ó dùn lẹ́nu, kò sì ní ṣúgà rárá. Kúlúsúmù sáré lọ tọrọ rẹ̀. Dámilọ́lá béèrè ta ló fẹ́ fi fọnu. Ó ní òun ni. Dámilọ́lá rò pé nítorí wólímọ̀ ni, ó kó gbogbo rẹ̀ fún un.

Ní agboolé wọn, kò sí ohun tí wọn kì í fi páàsìtì ṣe. Tí omi gbígbóná bá jó ọmọ, páàsìtì ni. Tí bàtà funfun bá dọ̀tí, páàsìtì ni. Ìyá Gàfárù ń fi pa irorẹ́ lójú. Ta ló máa wá jókòó rò ó pé ajá ni kò ní gbà á? Kúlúsúmù fún un sórí àkísà, ó rọra fi kan eyín Jẹ́nsinmi. Ajá náà lá a. Ó dùn mọ́ ọn, ó tún lá a. Inú ọmọ náà dùn, nítorí kò tún ní láti ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó ń fún un, ajá ń lá a, ìfófó funfun ń bo eyín, ìdọ̀tí kò sì hàn mọ́. Nígbà tó fi ike páàsìtì náà sílẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ku nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ó wẹ̀, ó gbé ìbòrí funfun náà wọ̀ kí Bàbá lè rí i nínú rẹ̀ bó bá ti wọlé. Ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí nígbà tó gbọ́ tí nǹkan ṣubú lẹ́yìn ilé.

Jẹ́nsinmi ló dùbúlẹ̀ síwájú àpótí Bàbá. Ó ti bì. Ó gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ takọ́, ó tún ṣubú, gìrì sì mú un. Kúlúsúmù pè é lórúkọ, ojú ajá náà là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò wo ibì kan. Àkókò yẹn gan-an ni ohùn Bàbá dún lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń pe ajá rẹ̀ bó ti máa ń pè é. Ó pè é, ó dúró díẹ̀, ó tún pè é.

"Kí ló dé tí ajá mi kò dá mi lóhùn?" ni Bàbá béèrè.

Kúlúsúmù ní kò gbádùn, pé ó kàn ṣubú lójijì ni. Bàbá wọ dígí dúdú, ojú tí wọ́n ṣe kò tíì ríran tán. Ó kúnlẹ̀ láìka ohun tí dókítà sọ sí, ó fọwọ́ wá ara ajá náà, ó gbọ́ bí ó ti ń gbọ̀n. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tó wà lókè Bẹ́ẹ̀rẹ̀, kíákíá. Takisí tó gbé Bàbá wá ti lọ. Wọ́n dá ọlọ́kadà dúró, bó ti rí ajá báyìí ló yí iná mọ́ ọn. Kúlúsúmù kò dúró rò ó mọ́. Ó ṣí ìbòrí tó ti fẹ́ bọ́ kúrò lórí rẹ̀, ó fi pọn Jẹ́nsinmi sẹ́yìn bí ọmọ, ó so ó mọ́ àyà. Ìbòrí wólímọ̀ nìyẹn o. Itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí i lọ́rùn, kò nù ún. Bàbá fọwọ́ lé e léjìká, wọ́n gba ọ̀nà ọjà.

Wọ́n dé ọ̀kánkán àwọn tó ń ta ìkòkò l'Ọ́jà'ba kí obìnrin kan tó rí ìfófó funfun tó ń yọ lẹ́nu ajá. Obìnrin náà ké pé dìgbòlugi ni. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ajá dìgbòlugi ti rí lọ́jà. Àwọn ìyá kó ọmọ wọn mọ́ra, àwọn kan gun orí tábìlì, ọ̀nà dí. Kó tó di pé wọ́n yíjú, àwọn ọkùnrin ti yọ pẹ̀lú igi, wọ́n ní kí ọmọ náà sọ ajá yẹn kalẹ̀ kí wọ́n pa á kó tó bu èèyàn jẹ. Ẹnì kan fa ẹsẹ̀ Jẹ́nsinmi lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá na apá kan, kò mú ọwọ́ kejì kúrò léjìká ọmọ náà, ó fi ara dínà, ó ń wá ibi tí ohùn wọn ti ń wá.

"Ajá mi kì í ṣe dìgbòlugi," ni Bàbá wí. "Ọmọ mi yìí ń ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ láràárọ̀, ó ń fọ̀ ọ́ fún mi. Kì í purọ́. Ẹ bi í."

Gbogbo ojú yí sí Kúlúsúmù. Láàárín wọn ló ti rí Bushrah àti ìyá rẹ̀, wọ́n gbé ẹrù wólímọ̀ dání. Ó mọ̀ pé tí òun bá dákẹ́, wọ́n máa lu Jẹ́nsinmi pa mọ́ òun lẹ́yìn. Ó sì mọ̀ pé tí òun bá sọ̀rọ̀, Bàbá máa gbọ́.

"Mi ò fọ̀ ọ́, Bàbá," ló sọ, omijé bò ó. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń purọ́ fún yín. Ẹnu rẹ̀ ti bàjẹ́. Páàsìtì ni mo fún un lá láàárọ̀ yìí kí ẹ má baà rí i, òun ló ń yọ ìfófó."

Ọwọ́ Bàbá kúrò léjìká rẹ̀.

Ọkùnrin tó mú igi dání ní ọmọdé lè sọ ohunkóhun. Kúlúsúmù kúnlẹ̀ sínú eruku, ó tú ìbòrí, ó tẹ́ ajá náà síwájú gbogbo wọn. Ó ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́, ó kó ìfófó náà jáde tòun tẹ̀jẹ̀, ó sì nà án sí wọn pé kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n fà sẹ́yìn. Ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Mikail ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní páàsìtì ni lóòótọ́. Ó gba igi lọ́wọ́ ẹni tó mú un, ó sọ ọ́ nù, ó ní kí ọmọ náà gbé ajá rẹ̀ gun ọkadà, ó sì pe ọlọ́kadà mìíràn kó gbé Bàbá tẹ̀lé wọn. Bushrah wo ọwọ́ Kúlúsúmù, ó wo ìbòrí náà, ó sì wo ilẹ̀.

Dókítà ẹran náà, Ọládiípọ̀ lorúkọ rẹ̀, béèrè ohun tí ajá jẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, Kúlúsúmù sọ gbogbo rẹ̀ láìfi kan pamọ́, ó sọ iye tó fún un, ó sọ pé páàsìtì náà dùn ṣùgbọ́n kò ní ṣúgà. Ojú dókítà yí padà. Ó ní àwọn kan ń fi ohun dídùn kan dípò ṣúgà sínú irú páàsìtì bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ajá bá gbé e mì, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀ lójijì, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó ti ń so omi ṣúgà mọ́ ọn lápá bó ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní ká ní wọn kò sọ òótọ́ fún òun ni, oògùn tí wọ́n ń lò fún ajá tó jẹ májèlé eku ni òun ì bá máa fún un, ajá náà ì bá sì kú.

Ó tún gbá ètè ajá náà sókè, ó wò ó pẹ́. Kò bá ọmọ náà wí. Ó kàn béèrè pé ṣé kò sẹ́ni tó rí i pé ajá yìí ń jẹ ìrora ni.

Jẹ́nsinmi kò dìde lọ́jọ́ yẹn. Kò dìde lọ́jọ́ kejì. Dókítà ní àwọn kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ máa já sí. Àwọn ẹgbẹ́ Kúlúsúmù ń ké kéú níwájú èrò ní wólímọ̀, Bushrah ló bọ́ sí ipò rẹ̀, òun sì wà lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ilé ìwòsàn ẹran, ó gbé orí ajá lé itan. Kò bínú pé òun kò sí níbẹ̀. Kò tilẹ̀ rántí. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ajá yìí má kú, kò ní ohun mìíràn tó lè sọ. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lódìkejì, kò bá a sọ̀rọ̀. Ó sàn kó nà án. Ọmọ náà tilẹ̀ ń retí rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá kò nà án, kò sì bú u.

Ajá náà yè é. Àmọ́ eyín ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé gbà là. Nígbà tí ara rẹ̀ le díẹ̀, dókítà ní láti fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó sì họ ìdọ̀tí ara àwọn tó kù. Kò lè rún eegun mọ́ láéláé. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù gba ọdẹ mìíràn tó ní ajá tó ní eyín, Bàbá sì fẹ̀yìn tì sílé. Kò ráhùn. Ẹ̀bà rírọ̀ ni Kúlúsúmù ń pò fún Jẹ́nsinmi báyìí, ó ń fi ọwọ́ rún ẹja sí i.

Àpótí ṣì wà lẹ́yìn ilé, agolo mílíìkì ṣì wà lára ìṣó. Láràárọ̀, Kúlúsúmù ń rún pákò, ó ń fọ eyín díẹ̀ tó kù náà, kò sì bìkítà nípa ẹni tó bá yọjú. Nǹkan kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Bàbá kì í béèrè mọ́ bóyá ó fọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ ti ń ríran kedere, ó ń rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀, síbẹ̀ bó bá jí, á pe ajá sọ́dọ̀, á ki ìka bọ ẹnu rẹ̀, á fọwọ́ wá eyín náà kan lẹ́yìn èkejì fúnra rẹ̀. Kúlúsúmù á dúró, á máa wò ó. Kò sí ìyà tí wọ́n lè fi jẹ ẹ́ tó dùn ún tó ìka yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kà á débí, ohun tó bá Kúlúsúmù jà kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Ìtìjú lójú ẹgbẹ́ ló mú kó pa iṣẹ́ tó gbà tì, irọ́ ló fi bo iṣẹ́ tó pa tì, ó sì wá fi páàsìtì bo irọ́. Bí ìdọ̀tí ti ń le lára eyín tí a kò fọ̀ ni irọ́ ń le lára ẹni tí kò tètè sọ òótọ́. Ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì rọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ní kí ẹ já ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé yín kulẹ̀, ẹ jẹ́ kó sún kúrò lórí ẹní.

Kúlúsúmù kò bẹ Bàbá pé kó gba òun gbọ́. Ó ti mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún. Láàárọ̀ àná, nígbà tó fọ ẹnu ajá tán, kò dúró de kí Bàbá pe ajá. Ó mú Jẹ́nsinmi lọ bá a níbi tó jókòó sí, ó gbá ètè ajá sókè, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ìka Bàbá lọ síbẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, Bàbá," ló wí.